Ilé ìdáná kékeré ní Òṣogbo: ohun èlò wo ni ó yẹ kí á fún láyè?

Bí ènìyàn bá gba ilé oníyàrá kan àti pálọ̀ ní Òkè-Fíà tàbí ní Ògo-Olúwa lónìí, ilé ìdáná tí yóò bá níbẹ̀ kì í sábà ju ibi tí ẹnì kan lè gbà yíra padà lọ: síńkì kan, pèpéle kúkúrú tí wọ́n lẹ táìlì mọ́, fèrèsé kékeré kan, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tàbí méjì tí onílé fi sí ibi tí ó wù ú. Inú irú ilé ìdáná bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ti ń dáná, ní òkè ilé alájà kan, àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó wọ ilé tiwọn sì máa ń bi mí pé kí ni kí àwọn rà. Èsì mi kì í dùn mọ́ ẹni tí ó ti ń wo ẹ̀rọ aláràbarà lórí fóònù láti àárọ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kí gáàsì olójú méjì máa ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ó bá gba agbára àti àmójútó, kí wọ́n má sì gbé ohun èlò oníná kankan ka orí pèpéle àyàfi èyí tí ó bá lè dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe láìjẹ́ pé ẹnì kan dúró tì í. Èyí tí kò bá dá ojú gáàsì kan sílẹ̀ fún wa, àlejò ni nínú ilé ìdáná, àlejò tí kò sì ní ilé mìíràn tí yóò padà sí.

Ọkà ni mo fi ń dán ohun ìdáná wò, nítorí pé ilé tí a kò bá ti lè ro ọkà ní Òṣogbo, yóò pẹ́ kí ó tó mọ́ni lára. Ọkà kò fẹ́ iná jẹ́jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ hó yaya kí á tó da èlùbọ́ sí i, a ó sì fi orógùn rò ó kíákíá kí ó má baà ní kókó, lẹ́yìn èyí ni a ó bu omi díẹ̀ sí i, tí a ó dé e kí ó tún hó, kí á tó wá rò ó ní àròkẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ti ro ọkà ènìyàn mẹ́ta mẹ́rin rí mọ̀ pé ìkòkò kì í jókòó jẹ́jẹ́ ní àsìkò náà. Bí orógùn bá ti ń fà á sọ́tùn-ún ni yóò máa bá a lọ, àfi bí a bá fi àkísà di etí rẹ̀ mú.

Mo ro ọkà lórí sítóòfù induction, irú sítóòfù oníná kan, nígbà kan ní ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ojú sítóòfù náà jẹ́ gíláàsì tí ń dán, ìkòkò náà sì jẹ́ èyí tí ó fúyẹ́. Mo kàn fi orógùn fà á lẹ́ẹ̀mejì ni ìkòkò yọ̀ kúrò láàárín àmì róbótó tí ó yẹ kí ó jókòó lé, ni sítóòfù bá ń han pípì-pípì, ó sì pa iná ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá fi aṣọ di etí ìkòkò méjèèjì mú, èmi ń rò, òun ń dì: ènìyàn méjì lórí ọkà kan. Kì í ṣe gíláàsì nìkan ni ẹjọ́ náà kàn. Pèpéle yẹn dé ìbàdí mi, sítóòfù gun pèpéle, ìkòkò gun sítóòfù, orógùn sì gun ìkòkò, tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbọ̀nwọ́ mi fi ga ju èjìká mi lọ. Apá tí ó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ kò lè ní okun. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé gbogbo rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sórí àpótí ìjókòó kan ni ọkà náà tó ṣeé rò bí ó ti yẹ.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń bèèrè kì í ṣe iye tí wọ́n ń ta ohun ìdáná, bí kò ṣe ibi tí a ó gbé e sí àti gíga tí yóò ní nígbà tí ìkòkò bá wà lórí rẹ̀. Gáàsì olójú méjì tí a ń gbé ka orí tábìlì dára ní ti pé a lè gbé e sórí tábìlì irin kúkúrú tí ó rẹlẹ̀ ju pèpéle lọ, kí pèpéle fúnra rẹ̀ sì wà fún ẹ̀fọ́ gígé àti abọ́. Eyín irin tí ó máa ń gbé ìkòkò dúró lórí rẹ̀ ni kí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ wò nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí ó bá ń mì, tàbí tí ó jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kàn gbé lé e, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni agbára orógùn yóò máa lọ. Kí ẹ sì fi tépù wọn àárín ojú kan sí èkejì. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ṣe kí ó lè kéré ni wọ́n fún ojú rẹ̀ mọ́ ara wọn débi pé ìkòkò ọbẹ̀ àti ìkòkò ìrẹsì kò lè jókòó pọ̀ lórí rẹ̀, a jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ni a rà, tí a sì san owó méjì. Ti gáàsì olójú mẹ́rin tí ó ní ààrò ìyan nísàlẹ̀, èmi kò rí ohun tí ó ń ṣe nínú ilé ìdáná kékeré. Inú ààrò yẹn ni a ó kàn máa kó páànù sí.

Ibi tí sìlíńdà yóò wà ṣe pàtàkì ju ibi tí gáàsì gan-an yóò wà lọ. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó máa ń rá mọ́ bí ó bá jò, yóò sì kó jọ sí igun ilé níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti lè gbá a jáde. Ilé ìdáná tí fèrèsé rẹ̀ ga tí ó sì kéré kò ràn wá lọ́wọ́ ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Ìta ni ó yẹ kí sìlíńdà wà, lórí bákónì tàbí lẹ́yìn ilé, kí rọ́bà rẹ̀ gba ihò kékeré kan lára ògiri wọlé, kí ó má sì kọjá lẹ́yìn ojú tí iná ń jáde. Nígbàkígbà tí a bá pààrọ̀ sìlíńdà, kí á po ọṣẹ sínú omi, kí á fi kàn-ìn-kàn-ìn pa á sí ibi tí àwọn irin ti so pọ̀ mọ́ rọ́bà. Bí ó bá ń yọ ìfóòfò, ó ń jò nìyẹn. Ẹ má fi ìṣáná wò ó o. Ní ti ìwọ̀n, ẹni tí ó ń gbé ní òkè ilé kí ó rántí pé sìlíńdà kílò 12.5 kì í ṣe kílò 12.5 nígbà tí ó bá kún, nítorí irin rẹ̀ nìkan wúwo tó gáàsì tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì lè lé ní kílò 25 lápapọ̀. Kílò 6 ni èmi ń lò, mo sì lè dá a gbé sọ̀kalẹ̀ láìbẹ ọmọ ẹnikẹ́ni.

Mi ò kórìíra induction o. Bí ilé yín bá wà lórí ìlà tí iná ń wà dáadáa, ohun èlò tí ó mọ́ ni, kò sì ní iná tí ń jó fòfò tàbí gáàsì tí ń jò. Kì í ṣe ojú rẹ̀ ni ó ń gbóná gbé ìkòkò. Wáyà bàbà tí wọ́n ká sábẹ́ gíláàsì ni ó ń mú kí ìsàlẹ̀ ìkòkò fúnra rẹ̀ gbóná, ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú ooru rẹ̀ fi ń wọ inú oúnjẹ, nígbà tí ó jẹ́ pé lórí gáàsì, ooru tí ń gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò sá lọ ju ìdajì lọ. Àmọ́ ìkòkò tí òòfà bá lè lẹ̀ mọ́ nísàlẹ̀ nìkan ni ó ń gbà. Ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù, èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ilé gbogbo wa, kò ní gbóná lórí rẹ̀ rárá. Mo gbọ́ tí ọmọkùnrin kan ní ọjà Ìgbọ̀nà ń sọ fún màmá kan pé, "Màámi, ìkòkò kí ìkòkò ni ó ń gbé o, kò ṣàṣàyàn." Mo fa òòfà kan tí mo yọ lára rédíò tó ti bàjẹ́ jáde nínú báàgì mi, mo gbé e mọ́ ìdí ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù tí ó wà lórí káńtà rẹ̀, ó já bọ́ sílẹ̀. Mo gbé e mọ́ ti irin tí wọ́n pa ẹ̀nàmẹ́ẹ̀lì sí lára, ó lẹ̀ ṣinṣin. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ẹ ò jẹ́ kí n jẹun lónìí." Màmá náà ra induction rẹ̀, ó sì ra ìkòkò méjì tí ó bá a mu pẹ̀lú, iye owó ìkòkò yẹn ni ẹni tí ó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ ṣírò mọ́ ọn láti ilé.

Ọ̀rọ̀ iná NEPA ló kàn báyìí, a ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé IBEDC ni ó ń pín iná fún wa. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, gbé owó yúnìtì kan lọ sí náírà 225 fún àwọn tí wọ́n wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́, ó sì dín in kù díẹ̀ nígbà tí ó yá. Ohun èlò tí ó jẹ́ 1000 wáàtì, bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko, yúnìtì kan ni ó jẹ. Ẹ wá fojú inú wo ẹ̀wà tí a gbé ka hot plate, ìyẹn sítóòfù oníná tí irin ojú rẹ̀ ń gbóná, fún wákàtí méjì. Àwọn tí kò sí ní Band A ń san owó tí ó kéré sí i, ṣùgbọ́n iná wọn lè lọ nígbà tí ẹ̀wà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀, oúnjẹ tí ó dúró láàárín bẹ́ẹ̀ kì í sì jinná dọ́gba mọ́.

Ọ̀tọ̀ tún ni ti iná tí kò lágbára. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan iná lẹ́ẹ̀kan náà, fóólítì tí ó yẹ kí ó jẹ́ 230 lè já wá sí 160. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ohun ìgbóná onírin 1000 wáàtì yóò máa ṣiṣẹ́ bí 700 nígbà náà. Rárá, kò ní tó 500, nítorí pé bí fóólítì bá ti ń dín ni iná tí ń gba inú wáyà rẹ̀ kọjá náà ń dín, àdánù méjèèjì á sì para pọ̀. Ìdí nìyẹn tí hot plate kan náà tí ó se omi kíákíá ní òwúrọ̀ fi ń dà bí ẹni pé ó ti bàjẹ́ ní alẹ́. Ọ̀pọ̀ induction kì í tilẹ̀ gbìyànjú. Wọn yóò kọ lẹ́tà kan àti nọ́ńbà sójú, wọn yóò sì dákẹ́.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Orí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń lò, áńpù 13 ni ó ga jù tí ó lè gbé, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 3000 wáàtì. Kẹ́tùrù 2000 àti induction 2000 lórí ẹ̀rọ ìpín-iná (extension) kan ṣoṣo ti kọjá bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe pé yóò gbiná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Rọ́bà rẹ̀ ni yóò máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí òórùn rẹ̀ yóò máa jáde, títí ọjọ́ kan. Wáyà ìpín-iná olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà ní ẹ̀bá títì tẹ́ẹ́rẹ́ ju ohun tí wọ́n kọ sí i lára lọ. Bí onílé bá gbà fún yín, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fa sọ́kẹ́ẹ̀tì kejì sí ilé ìdáná kí ẹ tó ra ohunkóhun tí ń gbóná.

Nínú gbogbo ohun èlò oníná, ìkòkò ìrẹsì ni mo fẹ́ràn jù, mo sì mọ̀ pé àwọn kan á máa wò mí pé kí ni ó ṣòro nínú ìrẹsì. Kò sí ohun tí ó ṣòro nínú rẹ̀, ó kàn ń gba ojú gáàsì kan fún ìdajì wákàtí ni, ó sì ń fẹ́ kí á máa yọjú sí i. Ìkòkò ìrẹsì kì í fẹ́ kí á yọjú. Bí ẹ bá gbé inú rẹ̀ kúrò, ẹ ó rí irin róbótó kan ní àárín gbùngbùn tí ó ń lọ sókè sódò nígbà tí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Òòfà kan wà nínú rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà, ìdí ìkòkò kò lè gbóná kọjá bí omi ṣe ń hó, bí ìrẹsì bá ti mu omi tán, ooru á gùn díẹ̀ sí i, òòfà náà á sọ agbára rẹ̀ nù, bọ́tìnì á sì ta sókè pẹ̀lú ariwo kékeré kan, "tá!" Ẹni tí ó wà nínú pálọ̀ á gbọ́ ọ. Mo ń fi tèmi se iṣu, mo ń fi se ẹyin, mo sì ń to mọ́ínmọ́ín aláwé sínú agbada oníhò tí ó bá a wá. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù nìkan ni ó ń dà á láàmú, nítorí pé ata tí ó ki á lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ìdí á gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, bọ́tìnì á sì ta nígbà tí ìrẹsì ṣì le. Kí á fi omi ṣàn ata náà, tàbí kí á jọ̀wọ́ jọ̀lọ́ọ̀fù fún gáàsì.

Èyí tí ó jẹ́ lítà kan tó ẹni méjì, kì í sì í ju 400 wáàtì lọ, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ó ń gbé 650 lè gbé e. Èyí tí ó jẹ́ lítà 1.8 máa ń tó 700, jẹnẹrétọ̀ yẹn á kàn máa kérora ni. Kí ẹ má gbé e sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ kọ́ mọ́ ògiri o. Ooru omi inú rẹ̀ ń lọ tààrà sókè, láàárín oṣù díẹ̀ pákó kọ́bọ́ọ̀dù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, á sì máa bó.

Kẹ́tùrù oníná ni ó tẹ̀lé e, ó sì kéré débi pé kò sí ẹni tí kò ní àyè fún un. Omi lítà 1.7 á hó nínú èyí tí ó jẹ́ 2000 wáàtì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, yúnìtì tí ó jẹ kò sì pé ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ̀bà kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ọkà náà, mo máa ń da omi tí ó ti hó nínú kẹ́tùrù sínú ìkòkò lórí gáàsì, á tún hó lójú ẹsẹ̀, gáàsì tí ìbá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá se omi a sì wà fún ọbẹ̀.

Ẹ̀wà àti ṣàkì ni ó ń jẹ gáàsì jù. Fún wọn, mo yan pressure pot, ìyẹn ìkòkò onídèrí líle tí kì í jẹ́ kí ooru omi jáde bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a ń gbé ka orí gáàsì ni mo yàn, kì í ṣe èyí oníná. Nínú ìkòkò tí kò ní ìdérí líle, omi kò lè gbóná ju bí 100 lọ lórí ìwọ̀n Celsius. Nínú pressure pot ó lè tó 120, ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà fi ń rọ̀ láàárín ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò tí ó máa ń gbà. Èyí oníná ga, ó wúwo, ó sì ní ibi tirẹ̀ tí kò ṣeé gbà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé èyí orí gáàsì, bí a bá ti gbé ìdérí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìkòkò ọbẹ̀ lásán ni. Ẹ̀wà kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdajì nínú rẹ̀, pẹ̀lú omi rẹ̀ o, nítorí ìfóòfò ẹ̀wà lè dí ihò tí ooru omi ń gbà jáde.

Àwọn yòókù kò ní pẹ́ lẹ́nu mi. Air fryer, ẹ̀rọ tí ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná dín nǹkan, dára fún ẹja àti adìyẹ, kò sì ń ta epo sára ògiri, ṣùgbọ́n kò lè dín àkàrà, nítorí ẹ̀wà lílọ̀ á jò gba inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń mu 1500 wáàtì, ó sì ń fẹ́ ooru jáde lẹ́yìn, nítorí náà ó nílò àyè tí ó ju ara rẹ̀ lọ. Máíkúróweefù wà fún ẹni tí ó bá ń ti ibi iṣẹ́ dé lóru tí ó sì ń gbóná oúnjẹ àná; kí ó mọ̀ pé èyí tí wọ́n kọ 700 sí lára ń fa ju 1000 lọ láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bílẹ́ńdà ńlá kò wúlò fún mi. Mo ń gbé ata lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ń lọta ní ẹ̀bá ọjà, mo ń sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, mo sì ń pín in sínú ike fún ọ̀sẹ̀ náà. Bílẹ́ńdà kékeré tí ó ní ife ìlọ-nǹkan-gbígbẹ tó fún èlò ọbẹ̀ àti edé.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, àwọn ṣọ́ọ̀bù wà ní Àlékúwodò àti káàkiri ìlú, ẹrù wọn sì máa ń lágbára ju tuntun olówó kékeré lọ. Kí ẹ tó bèèrè iye tí wọ́n ń tà á, ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè kí ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i. Èyí tí ó bá ti Amẹ́ríkà wá, 120 fóólítì ni wọ́n ṣe é fún, ti Japan jẹ́ 100. Ẹni tí ó bá ki ọ̀kan nínú wọn bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa láìsí ẹ̀rọ tí ń dín iná kù yóò rí èéfín. Ti ìlú Ọba jẹ́ 230 tàbí 240, orí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì bá tiwa mu. Bí ìwé ìdí rẹ̀ bá ti ṣí kúrò, tí ẹni tí ń tà á sì ń sọ pé, "Àǹtí, gbogbo rẹ̀ ni ó ń gbé," ẹ ní kí ó ki í bọ iná níwájú yín, kí ó bu omi sí i, kí ẹ sì dúró títí omi náà yóò fi hó kí ẹ tó ka owó.